Ẹni Tó Ta Mí Lólobó Nítorí Fìríìjì Keje

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló rí i, ọ̀sán gangan ni, mi ò sì mutí.

Ibi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ìlúpéjú. Kọ̀ǹpútà kan ló ń bá wa ṣọ́ àwọn fìríìjì. Aṣọ́nà là ń pè é. Tí fìríìjì kan bá ń gbóná, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wa. Ṣùgbọ́n kì í dá mọ ohun tó máa ṣọ́. Ojúewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń kọ orúkọ fìríìjì àti nọ́ńbà ẹni tí á ta lólobó. Tí a bá kọ ọ́ tán, a gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì tó ń fi í ránṣẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ́nà ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ọ̀gá mi níbẹ̀, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń tiro díẹ̀.

"Àbúrò, kíkọ ọ̀tọ̀, fífi ránṣẹ́ ọ̀tọ̀ o! Àbí bọ́ọ̀lù ti gba ọpọlọ ẹ ni?"

Ọyẹ́ tó kọjá ló kú. Èmi náà ni mo yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lójúewé.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n gbé fìríìjì keje dé, wọ́n sì kó abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo sáré lọ wo bọ́ọ̀lù. Mi ò tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Muṣin, fóònù mi dún: "Fìríìjì keje ń gbóná." Mo fò sínú kẹ̀kẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, wáyà rẹ̀ ti yọ lára ògiri. Mo tètè dá a padà. Abẹ́rẹ́ ṣì tutù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó bàjẹ́.

Ìgbà tí mo wá ṣí kọ̀ǹpútà, ara mi bù máṣọ. Fìríìjì keje ṣì wà lójúewé, kò tíì lọ. Aṣọ́nà ò mọ̀ ọ́n rárá.

Mo wo orúkọ tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé.

Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lọ́rùn. Ẹnìkan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ létí mi: "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́nu géètì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ń wo ẹ̀yìn mi. "Ọ̀gá ẹ ńkọ́? Ṣé kò ní í lọ sílé ni?"

"Ọ̀gá wo, Bàbá?"

"Èyí tẹ́ ẹ jọ wọlé. Tó ń tiro."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó abẹ́rẹ́ náà lọ fún àwọn ọmọ. Ẹyọ kan ò bàjẹ́. Mo sunkún.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń kí i kí n tó jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan, tẹ́ ẹ ń gbàgbé láti fi ránṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó máa ta yín lólobó lè má fẹ́ràn yín bí tèmi ṣe fẹ́ràn mi.