Oówo Tí Kò Ṣe É Là

Òórùn òrí gbígbóná ni ó kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ẹ̀sìẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà náà ni, èmi náà sì kéré. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òmù-Àrán ni, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Bàbá mi nà sórí ẹní, ikùn rẹ̀ wà níta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo rẹ̀ ni oówo kan wú sí, ó tóbi tó ọsàn, awọ ojú rẹ̀ ń dán.

"Hán ní ó ti pọ́n, wọ́n ní ó ti tó là," ni ìyá mi wí. "Bàbá Olóòlà ló fẹ́ là á."

Olóòlà yìí ló ń dábẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, òun náà ló sì ń la oówo. Ó jókòó ti ògiri, ó ń pọ́n abẹ rẹ̀ lára òkúta. Kí n má parọ́ fún ọ, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun àti bàbá mi ń jà nítorí ààlà oko, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rojọ́ dé ààfin. Kí ló wá gbé e wọ ilé wa lójijì, tòun ti abẹ lọ́wọ́? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé.

Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi, mo bi í léèrè bí ara ṣe rí.

"Ó ń sọ kúlúkúlú," ni ó dáhùn.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí gbogbo ẹni tó ní oówo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní ọyún ti fẹ́ jáde. Èmi náà ìbá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ara Olóòlà tó ń fu mí mú kí n máa wá ohunkóhun tí màá fi dá a dúró. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé oówo náà. Ó ń ti ọwọ́ mi sókè, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń tì í. Mo fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ bàbá mi mú: bí ibẹ̀ ṣe ń sọ ni oówo náà ń sọ. Mo rántí pé bàbá mi ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Òmù-Àrán ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gún un ní ikùn. Ojú egbò náà jinná, a sì gbàgbé.

"Ẹ má là á!" ni mo kígbe. "Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀!"

Àwọn àgbà ilé pòṣé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọmọ àná wá ń kọ́ àgbà. Olóòlà nìkan ni kò pòṣé. Ó wá, ó fi ìka méjì kàn án, ó di ojú, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wé abẹ rẹ̀ sínú aṣọ.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ni ó wí. "Ẹ gbé e lọ síbi tí ọmọ yìí bá ní kí ẹ gbé e lọ."

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nítorí tèmi, ni wọ́n ṣe wá ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìwòsàn Ìlọrin, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fa oògùn sínú iṣan rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ikùn rẹ̀. Dókítà fi hàn mí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù, èyí tó ti inú ọkàn wá gba ikùn kọjá, ti lu. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, ẹran ara tó yí i ká ló sì di àpò fún un. Àpò èké ni, ni ó wí, kò ní ògiri iṣan rárá. Bí abẹ bá kàn án, kí a tó pe "yéè" ọkùnrin yìí ti lọ. Wọ́n là á, wọ́n fún iṣan náà pa lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ kan tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ lẹ ojú ihò náà. Bàbá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń fọ́nnu pé gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ṣọ kí wọ́n tó wẹ̀, òun nìkan ni kì í bọ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé nítorí pé mo ti rí ète rẹ̀ ni Olóòlà ṣe wé abẹ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ yẹn, ṣé o rò pé mo fẹ́ pa bàbá rẹ ni?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò wọ ilé wa mọ́ títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyá mi sọ fún mi pé òun ló lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó wá, àti pé òun kò tíì parí ẹ̀bẹ̀ náà tí Olóòlà fi dìde.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mo lò ó fún bàbá mi, ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣàìsàn ni mo fún ní èyí tó ṣẹ́ kù.