Ife Àgbàdo Kẹfà

Ìwé tí wọ́n fi sínú báàgì ọmọ mi lọ́jọ́ Ajé kò ju ojú ewé kan lọ. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe ní Agbowó, nítorí náà mo mọ ìwé tí wọ́n fara balẹ̀ tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn sáré ṣe. Eléyìí, wọ́n kàn sáré ṣe é ni. Wọ́n ní kíláàsì rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbà mẹ́rin tó wà nínú ọdún, pé ìgbà ìwọ́wé ló kàn, àti pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé èso yíyan kan wá lọ́jọ́ Ẹtì, irú èyí tí wọ́n máa ń jẹ kí ara lè móoru nígbà tí òtútù bá ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán kan sí ìsàlẹ̀: ápù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà bò lórí, tí wọ́n wá yan.

Oṣù Kẹwàá la wà. Òjò ń rọ̀ n'Íbàdàn lójoojúmọ́, síbẹ̀ ooru inú yàrá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀wù sùn. Igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa kò wọ́ ewé kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bí mi nínú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ìwé náà ni: "Gbogbo wa ni a ó jọ pín in jẹ."

Ọmọ mi, obìnrin, ọmọ ọdún méje, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, aládùúgbò kan fún un ní kúlíkúlí kan ṣoṣo. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, ojú rẹ̀ ti wú pa, ètè rẹ̀ ti yí síta, èémí rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ohun tí ó ń wọ ẹnu rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwé yìí ní Bódìjà, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, mo ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, mo fún ọ̀gá àgbà ní ọ̀kan, mo fún olùkọ́ ní ọ̀kan, mo ní kí wọ́n lẹ ìkẹta mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n kà á. Wọ́n wá ní a ó jọ pín in jẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó sì gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. "Sà, ẹ má bínú," ó ní, "ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀pà nínú ápù." Mo ní èmi kọ́ ni mo máa mọ ohun tí ìyá ẹlòmíràn fi sínú tirẹ̀. A wá fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan: ohun tí ó bá ti ilé wa wá nìkan ni ọmọ mi máa jẹ, olùkọ́ ni yóò sì gbé e fún un fúnra rẹ̀. Mo ní kí ó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọlé. Ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Màámi, ti Èkìtì wá láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọlé, kí wọ́n lè máa bá wa mójú tó ọmọ. Màámi kò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yìí gbọ́ pátápátá. "Àwa jẹ ẹ̀pà kí a tó léyín," wọ́n máa ń wí. Bí wọ́n bá rí mi tí mò ń ka ẹ̀gbẹ́ páálí bísíkíìtì, wọ́n á ní, "Dádì tún ti ṣí Bíbélì bísíkíìtì. Orí kélòó lónìí?" Èmi náà á kà á dé òpin.

Ápù tí mo rí rà, inú rẹ̀ ti dúdú. Mo jù ú nù, mo ra ọ̀pẹ òyìnbó méjì àti gúáfà mẹ́wàá lọ́jà Bódìjà. Kò sí ófùnù nílé wa. Bí mo ṣe máa ń yan nǹkan ni pé mo máa ń da yanrìn tí mo ti fọ̀ tí mo sì ti sá gbẹ sínú ìkòkò ńlá, màá gbé e ka gáàsì fún ogún ìṣẹ́jú, màá wá gbé abọ́ sórí yanrìn náà, màá dé e, màá sì kó ẹyin iná sórí ìdérí kí òkè rẹ̀ lè pọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ìyẹ̀fun fúláwà dán an wò. Omi ọ̀pẹ òyìnbó hó sókè, ó wọnú ìyẹ̀fun náà, gbogbo rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀.

Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. "Dádì," wọ́n ní, "eléyìí máa dára fún ìwé lílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín."

Àwọn ni wọ́n ní kí n lo àgbàdo. Wọ́n ní bí èèyàn bá yan àgbàdo gbígbẹ nínú agbada kí ó tó lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń fa omi mu, ó sì máa ń dùn lẹ́nu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo ṣa àgbàdo náà fúnra mi, mo yan án títí ó fi pupa, mo sì wọ̀n ọ́n: ife mẹ́fà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé nǹkan gbígbẹ lọ sí ẹ̀rọ rí mọ̀ pé nǹkan ẹni tó lọ̀ ṣáájú máa ń kù síkùn ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹlẹ́rọ máa ń kọ́kọ́ bu díẹ̀ lára tìrẹ sí i, ohun tó bá jáde, á gbọ̀n ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fífọ ẹ̀rọ. Ìyẹn náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn gbà pé adìyẹ ẹlẹ́rọ ló ń jẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ni ó yẹ kí n lọ, ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì kan ti jókòó tì mí láti àárọ̀, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni mò ń dì. Mo gbé àgbàdo náà fún Màámi.

"Màámi, ife mẹ́fà nìyí. Ife márùn-ún ni mo nílò. Ife kẹfà, kí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dà á nù."

"Mo ti gbọ́," wọ́n ní.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ti wà nílé, ọ̀pẹ òyìnbó ni mò ń bó. Ìyẹ̀fun náà ń ta sánsán nínú abọ́. N kò béèrè ohunkóhun.

Mo po ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ bọ́tà àti ṣúgà, mo fi ìka fọ́ ọ títí ó fi rí wóró-wóró, mo dà á bo èso tí mo gé, mo sì yan án fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ó jáde dáadáa. Òkè rẹ̀ pọ́n, omi èso ń hó létí abọ́, òórùn rẹ̀ sì mú kí aládùúgbò yọjú wá béèrè ohun tí a ń sè. Èmi àti Màámi jẹ èyí tí mo yan sínú abọ́ kékeré. Ọmọ náà bẹ̀ mí kí n fún òun ní ṣíbí kan. Mo ní kí ó dúró di ọ̀la, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lẹ ìwé mọ́ ìdérí abọ́ ńlá, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: "Èyí nìkan ni kí ó jẹ."

Ó tó bí aago mẹ́wàá nígbà tí Màámi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Inú wọn dùn. Oníbàárà méjì jókòó, Màámi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún wọn.

"Ẹlẹ́rọ àná yẹn rò pé ará oko ni mí. Ó ti ki ọwọ́ bọ àgbàdo mi, ó fẹ́ bù ú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní, 'Ìyá, ẹ rọra. Ẹ sọ fún àwọn adìyẹ yín pé kí wọ́n gbààwẹ̀ lónìí.'"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. "Ó wá ṣe kí ni?" ọ̀kan béèrè.

"Kí ló máa ṣe? Gbogbo ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo gbé délé."

Mo gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. "Màámi, ta ló lọ nǹkan ṣáájú yín?"

"Ìyàwó kékeré kan ni. Òun ló jẹ́ kí n pẹ́, ẹ̀pà rẹ̀ pọ̀ jọjọ."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wọn kí àwọn fúnra wọn tó gbọ́ ọ. Wọ́n di ìgbátí tábìlì mú. N kò dúró wo wọ́n.

Mo pe fóònù olùkọ́ lórí ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Wọn kì í gbé fóònù nínú kíláàsì, èmi náà sì ti yìn wọ́n fún un rí. Ní géètì, ẹ̀ṣọ́ na ìwé àlejò sí mi.

"Ẹ kọ orúkọ yín, ọ̀gá, àti ìdí tí ẹ fi wá. Ṣùgbọ́n ó di aago méjì kí ẹ tó lè rí ọmọ."

"Ọmọ mi fẹ́ jẹ ohun tó lè pa á."

"Níbí? A kì í fún ọmọ ní oúnjẹ tí kò dáa níbí."

"Èmi ni mo sè é."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó di ẹ̀wù mi mú, bọ́tìnnì méjì já bọ́, mo sì wọlé.

Wọ́n ti gé ìwé pupa àti ìwé olómi ọsàn bí ewé, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo fèrèsé. Fáànù ń yí lókè. Olùkọ́ ń fi fóònù rẹ̀ ya àwọn ọmọ ní fọ́tò pẹ̀lú abọ́ wọn. Ọmọ mi jókòó níwájú, ó ti ṣí ìdérí, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ṣíbí náà.

"Sà, tiyín ni," ni olùkọ́ sọ. Ẹ̀rù ti bà á. "Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn rárá."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tí mo ní kí ó ṣe ló ṣe, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá ti ṣe àìgbọràn díẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ kí ọmọ mi jẹ ti ẹlòmíràn, bóyá kì bá tí sí nǹkan kan.

"Ṣé o ti jẹ ẹ́?"

"Ṣíbí méjì péré, Dádì. Àǹtí ní ká dúró de fọ́tò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn.

Ilé ìwòsàn kan wà ní òpópónà kejì. Mo gbé e sáré débẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń wú nígbà tí a wọlé, ó ń wúkọ́, ó sì di kọ́là mi mú. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú kí ó lè mí. Dókítà ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Kí ló jẹ?"

Mo kà á fún un: ọ̀pẹ òyìnbó, gúáfà, bọ́tà, ṣúgà, àgbàdo, àti ẹ̀pà tó kù síkùn ẹ̀rọ.

"Ta ló sè é fún un?"

"Èmi."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́. Kí aago kan tó lù, èémí ọmọ náà ti já gaara, ètè rẹ̀ sì ti ń sọ̀. Wọ́n dá wa dúró títí di aago mẹ́rin, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Nígbà tí a délé, Màámi wà lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ọmọ wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá jáde sọ ohun tí èèyàn kì í sọ sí ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ife kan ni mo sọ, Màámi. Ife kan péré. Ṣé ọmọ yìí kò tó ife àgbàdo kan lójú yín ni?"

Bí wọ́n bá ti bá mi jà, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ìyàwó mi pè láti inú ọkọ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Nígbà tí Màámi dé láti ẹ̀rọ," ó ní, "ṣé ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fọ̀ ọ́?"

Mo pa fóònù náà. Mo ti kọ ìwé sí ilé-ìwé ní ẹ̀dà mẹ́ta, mo ti ní kí olùkọ́ tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi, ṣùgbọ́n nílé tèmi, n kò béèrè ìbéèrè kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ mímu àti mọ́ínmọ́ín síwájú ọmọ náà. Kò mú ṣíbí. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí.

"Dádì, ta ló lọ̀ ọ́?"

Ìyàwó mi sọ fún un pé kò sí ewu, pé ohun tó ti ń jẹ láti kékeré ni. Ọmọ náà pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ro gbogbo ohun tí a ń jẹ nínú ilé: ògì, ẹ̀wà, ata, ẹ̀lùbọ́. Kò sí ọ̀kan tí kò gba inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn kọjá. N kò lè sọ fún un pé kò sí ewu. N kò mọ̀.

Màámi dìde, wọ́n jáde sẹ́yìn ilé. Ọlọ kan wà níbẹ̀ tí onílé ti gbé tì síbi ògiri, ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́. Wọ́n fà á jáde, wọ́n pọn omi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi kànìnkànìn bó o pẹ̀lú ọmọ ọlọ. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà kalẹ̀ sínú abọ́ láti ìdájí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò wọ́n. Èmi náà lọ dúró. Eékún ń ro Màámi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi sì ń wo ojú mi kí n lè sọ pé kí wọ́n dìde.

Wọ́n da omi lé ọlọ náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ẹ tún un fọ̀," mo ní.

Wọ́n tún un fọ̀.