Ikọ́ Bàbá Sẹ̀sílíà

Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ lẹ́yìn ilé mi, àyà mi á já, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ mi ṣe máa ń wúkọ́.

Òun ló ń so tẹlifóònù pọ̀ fún àwọn èèyàn ní pósìtì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Dasa, láyé tí àwọn sójà ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn. Ìjọba ní kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kó wá rò ó fún àwọn jáńdámù, ọlọ́pàá ìjọba. Ló bá ń sọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn máàsì pé:

"Bí ẹ bá gbọ́ ikọ́ mi lórí tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ iṣu nìkan ni kẹ́ ẹ máa sọ. Etí mi ni ìjọba háyà, wọn ò ra ẹnu mi."

Inú bí Àntóánì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ò ń jẹ owó ìjọba, o sì ń tú àṣírí wọn. Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn wúkọ́ ni."

Nígbà tí àwọn jáńdámù mú ọkọ mi, Pọ́ọ̀lù, tí ikọ́ yẹn ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, gbé iṣu wá fún mi.

"Ìyá Sẹ̀sílíà, akọni lọkọ yín."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bèèrè akọni náà lọ́wọ́ wọn."

Pọ́ọ̀lù gbé iṣu náà kalẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Èmi nìkan ni mo lọ sí àgọ́ wọn. Mo bèèrè Bàbá Sẹ̀sílíà. Àwọn jáńdámù ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é. Mo ń pariwo orúkọ náà lẹ́nu ọ̀nà wọn, bóyá á gbọ́, bóyá á kàn wúkọ́.

Àwọn òkè Dasa ló ń dá orúkọ náà padà fún mi. Ikọ́ kankan ò dún.