Ìbọ̀sẹ̀ Pupa Méjì

Ìbọ̀sẹ̀ pupa méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ìyá kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, aṣọ á sì bo ìyókù ọmọ náà mọ́lẹ̀ tórí-tọrùn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá yìí ń ti Òkèrèwè wá sí ilé ìwòsàn wa ní Ilare, níbi tí a ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí mo sì ti ń la àwọn ìyá lọ́yẹ̀. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ọmọdé nígbà náà, mo sì gbà pé ẹnu mi dùn. Màá da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, àwọn ìyá á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ta ló ní ìbéèrè, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Oníbọ̀sẹ̀ pupa nìkan ló máa ń nawọ́.

“Dókítà, bí gìrì bá mú ọmọ, ṣé ká fi ṣíbí sí i lẹ́nu?”

“Rárá o! Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e wá.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè kan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òun náà ni, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Inú bí mi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé ìyá yìí kì í gbọ́ nǹkan. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ṣé ẹ ti gbọ́ igbe ọmọ yẹn rí?”

Lóòótọ́, n kò gbọ́ ọ rí, àní nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń pa gbogbo ọmọ yòókù lẹ́kún. A kò gbé e sórí ìwọ̀n rí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń wò. Wọn kì í mira. Èmi dókítà ńlá, ẹ̀rù ohun tí mo lè bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí n rìn dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ní Ìṣẹ́gun kan, gìrì mú ọmọ kan lójú wa. Ìyá rẹ̀ figbe ta, àwọn obìnrin ṣù bò ó, n kò sì rọ́nà kọjá. Ẹnì kan ti yọ ṣíbí ẹ̀kọ jáde nínú báàgì.

“Ẹ má fi sí i lẹ́nu!”

Oníbọ̀sẹ̀ pupa ni. Bó ṣe ń bọ̀ ló ń tú ọ̀já. Gbogbo wọn pariwo, nítorí kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ọmọ tí wọ́n ká jọ ni, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ki òwú sí. Ó kó aṣọ náà sábẹ́ orí ọmọ tí gìrì mú, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ ti ń sunkún.

“Ṣíbí ni mo fi sí ọmọ tèmi lẹ́nu,” ó sọ fún mi lẹ́yìn náà. “Mo ti mọ ìdáhùn yín láti ọjọ́ kìíní, dókítà. Àwọn tó jókòó yẹn ni ojú ń tì láti bi yín. Ta ló sì máa fetí sí ìyá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo?”

Mo sunkún bí ọmọdé. Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Irun mi ti funfun báyìí, n kì í sì fi ìpàtẹ́wọ́ yangàn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, abiyamọ ọ̀dọ́ kan tí n kò mọ̀ rí nawọ́ láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. “Dókítà, bí gìrì bá mú ọmọ, ṣé ká fi ṣíbí sí i lẹ́nu?” Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, mo sì dúró títí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ta ẹsẹ̀ kí n tó dáhùn.