Ọ̀nà Àárín Ọkà Báálì

Kó. Kó-kó. Ohùn tí Hilda Sarsby kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ irin ńlá kan ni, tí ó rọ̀ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tí ó máa ń fì, tí ó máa ń kan pákó, nígbàkúùgbà tí bàbá rẹ̀ bá ti inú òjò wọlé. Kó, kó-kó, a sì dákẹ́. Bí ó bá ti gbọ́ ọ lórí ibùsùn, ó mọ̀ pé bàbá ti dé, pé ilé ti pé, oorun a sì gbé e lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Wenlow Àtijọ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí kò sí láàárín abúlé. Ó dá dúró lórí òkè, nínú pápá, òun nìkan, bí ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ kó ẹrù lọ nígbà tí ó ń sùn. Àjàkálẹ̀ àrùn ló pa àwọn ará ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwọn tó ṣẹ́kù sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí odò, wọ́n kọ́ ilé tuntun, wọ́n sì fi Ọlọ́run sílẹ̀ lókè. Lára ilé wọn àkọ́kọ́, kò ku nǹkan kan àfi òkìtì koríko tí àgùntàn ń sùn lé. Ìsìn kì í wáyé níbẹ̀ mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, nígbà ìkórè. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn, tàwọn ti àpò lẹ́yìn àti ọ̀pá lọ́wọ́, láti wo àwọn áńgẹ́lì tí ẹnìkan kùn sára ògiri, tí ọ̀dà wọn ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Àkọlé kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ gba kọ́kọ́rọ́ ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Àkọlé wà lókè, kọ́kọ́rọ́ wà nísàlẹ̀, nítorí náà gbogbo àlejò ló ń gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ní ìpàdé abúlé pé ó yẹ kí àkọlé náà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn a gbà bẹ́ẹ̀, wọn a mu tíì, wọn a sì lọ sílé.

Hilda ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí wọ́n fi ti ilé ìwé náà pa. Ó ti fẹ́ ọkọ, ó sì ti sin ín. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló ń mú àwọn àlejò gòkè. Ó ń fi kànga mímọ́ hàn wọ́n, èyí tí omi rẹ̀ kì í dì nígbà òtútù, ó sì ń fi ojú ọ̀nà àwọn ọmọ ogun àtijọ́ hàn wọ́n, èyí tó gún gbọọrọ lábẹ́ koríko bí egungun ẹ̀yìn ẹja. Bí wọ́n bá dé àárín àwọn òkìtì, kì í la ibi tí ògiri ti wà rí kọjá. Ó ń yà, ó ń gba ibi tí ẹnu ọ̀nà ti wà wọlé, ó sì ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn, ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bá bo òkè, ó máa ń rò pé òun gbóòórùn èéfín igi, pé obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Kì í bẹ̀rù. Ó máa ń rọra kí wọn ní ẹ káàárọ̀, nítorí ènìyàn kì í gba inú ilé onílé kọjá láìkí i.

Oko ọkà báálì àwọn Maddock ló wà láàárín abúlé àti òkè náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lábẹ́ òfin gba àárín oko náà lọ tààrà, láti geéètì kékeré dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Maddock tó dé ibẹ̀. Ní ọdún tí Gerald Maddock bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, Clive ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbin oko náà, ọkùnrin kékeré tí irùngbọ̀n kò tíì kún lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọkà hù, àwọn ará Wenlow dé geéètì, wọ́n wo ọkà, wọ́n sì yà gba etí ọgbà igi tó yí oko náà ká lọ, kí wọ́n má baà tẹ ohun tí ọmọ bàbá aláìsàn náà gbìn mọ́lẹ̀. Ẹnìkan kò sọ fún ẹnìkejì. Oníkálùkù ló dá a rò lọ́kàn ara rẹ̀. Gerald kú, wọ́n sin ín, ọ̀pọ̀ ìkórè sì kọjá, wọ́n ṣì ń gba etí ọgbà.

Percy Lobb, ọ̀rẹ́ Hilda tó ń gbé ní òdìkejì afárá, ló mú ìròyìn wá lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Clive fẹ́ mọ wáyà yí oko rẹ̀ ká, etí ọgbà àti geéètì pọ̀. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n pa ọ̀nà àárín rẹ́ kúrò lórí máàpù, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbà á. Percy ní àwọn tó wà ní ilé ọtí ń bínú gidigidi. Hilda bi í pé kí ni wọ́n sọ fún Clive. Percy ní wọn kò sọ nǹkan kan, nítorí pé Clive wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Hilda wo kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ọ̀nà bá kú, irin lásán ni, àwọn áńgẹ́lì a sì máa ṣí nínú òkùnkùn láìsí ẹni tí yóò wò wọ́n.

Ó lọ bá Clive ní àgbàlá rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun ajá Clive. Wọ́n tún padà sórí òjò, nítorí pé ní Wenlow, ẹni tó bá sọ ohun tó gbé e wá kí ó tó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ dà bí ẹni tó fi bàtà gun ibùsùn onílé. Nígbà tí òjò tán lẹ́nu wọn, Clive fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Ìyáàfin Sarsby. Látìgbà tí mo ti ń wa katakata nínú oko yẹn, mi ò rí kí ẹnìkan gba àárín ẹ̀ rí. Ẹ̀yin gan-an, etí ọgbà lẹ máa ń gbà.”

“Torí bàbá ẹ ni.”

“Kí ni bàbá mi ṣe?”

“Àìsàn ló ń ṣe é. Ìwọ nìkan lo gbin ọkà lọ́dún yẹn. A ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Clive ń fi ìka ra etí ajá rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi,” ni ó wí. “Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn wa ni. Bàbá mi sì ti kú tipẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà sáàárín?”

“Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ padà,” ni Hilda wí.

Ó nà dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ so. “Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, màá gba àárín ọkà ẹ kọjá.”

“Ṣé ẹ ń tọrọ àyè ni?”

“Rárá o. Mo kàn ń sọ fún ẹ ni.”

“Ọkà yẹn á dé ìbàdí yín.”

“Ohun tí ìbàdí mi ti rí láyé ju ọkà lọ.”



Lọ́jọ́ Àìkú, òjò òwúrọ̀ ti dá, ayé funfun, ó rọ̀ bí òwú. Púpọ̀ nínú àwọn ará abúlé ti gbọ́, wọ́n wà ní geéètì pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣí geéètì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọlé. Onítibí ní kí onítọ̀hún máa lọ níwájú. Onítọ̀hún ní rárá o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Katakata Clive dúró ní òkè oko, Clive ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n tún rọra fà sẹ́yìn díẹ̀.

“Ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà, Hilda,” ni Percy wí. “Àwa kàn sìn ẹ́ ni.”

“Sìnkú ni àbí sìnyàwó?”

“Ká kọ́kọ́ dé ọ̀hún ná.”

Hilda wọ inú ọkà. Omi tó wà lórí rẹ̀ tutù dé ìbàdí rẹ̀, irun ọkà ń rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kankan lójú. Ó rántí pé bàbá rẹ̀ máa ń ní kí ó gbé ojú rẹ̀ lé orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó má wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ojú lé e. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo oko sì yí padà bí omi tí a fọwọ́ rú, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ bóyá òun ló ń rìn tàbí òkè náà ló ń bọ̀ wá pàdé òun. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sínú kòtò rírọ̀ kan tó gùn lọ síwájú lábẹ́ ọkà. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó gbé òkú wọn gòkè, ẹsẹ̀ àwọn tó sá fún àrùn sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ kò gbàgbé wọn.

Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, Percy wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù sì ń tẹ̀lé Percy, wọ́n ń fẹsẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wọ yàrá tí ọmọ sùn sí. Àwọn kan ti ń fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Clive dìde dúró lórí katakata.

“Ẹ tò sẹ́yìn ara yín o,” ni ó pè sí wọn. “Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ gbà á dáadáa. Tó bá dìgbà ìgbìn tó ń bọ̀, mi ò ní gbin nǹkan kan sójú ọ̀nà yẹn.”

Wọ́n tò. Percy ṣí fìlà rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wáyà tàbí ìwé ìjọba mọ́, Clive náà kò sì dárúkọ rẹ̀. Lókè, wọ́n wo àwọn áńgẹ́lì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn máa wá lóòrèkóòrè, ẹnìkan sì tún ní ó yẹ kí àkọlé yẹn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ mu tíì.

Hilda kò bá wọn lọ. Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó tó kẹ́yìn, ó gbá ìgbẹ́ àdán kúrò nílẹ̀ láti abẹ́ áńgẹ́lì wá sí ẹnu ọ̀nà, bí ó ti máa ń ṣe. Ó fa irun ọkà tó rọ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó gbá òun náà mọ́ ọn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ dà sẹ́yìn ògiri.