Ọká Abẹ́ Kòkó

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi. Láti Ìkìrun títí dé Òkukù, kò sí àgbẹ̀ tó mọ nǹkan wò tó mi, bí mo tiẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta.

Ọmọbìnrin mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Inísà. Ó wá sí oko mi lọ́nà Òkukù ní Sátidé kan, ó fẹ́ fi fóònù ya àwòrán àwọn nǹkan inú oko tó tò létòlétò, kó lè fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo gbé ọ̀pẹ òyìnbó fún un, mo ní kó ka ìlà tí ojú rẹ̀ tò sí. Mẹ́jọ yí sápá kan, mẹ́tàlá yí sápá kejì. Ó ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn: mẹ́jọ àti mẹ́tàlá di mọ́kànlélógún, a ó tún kó ìyẹn pọ̀ mọ́ mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí a bá sì fi kékeré pín ńlá, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni yóò máa sún mọ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwọ̀n wúrà. Mo ní mo ti ń ka ìyẹn kí wọ́n tó bí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ mí.

A gba abẹ́ kòkó padà, èmi ru apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó, ajá mi ń tẹ̀lé wa. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó ya àwòrán ewé gbígbẹ. Mo ń bá a wo ilẹ̀ ni ojú mi dúró sí ibì kan. Ewé kì í tò. Bó bá ṣe bọ́ ló ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ewé ń tẹ̀lé ewé ní ọgbọọgba: pupa rúsúrúsú, dúdú, àwọ̀ eérú, igun kọjú sí igun, bí ìgbà tí èèyàn hun ẹní. Ẹní náà ń mí.

"Má gbé ẹsẹ̀ rẹ," mo ní. "Ọká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Bàámi, ẹ ti tún dé." Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn àwọn ejò tí mo pa, ó sì ti ṣàkíyèsí pé wọ́n ń gùn sí i lọ́dọọdún. Ó fẹ́ sún ẹsẹ̀ kí àwòrán lè mọ́. Bí mo bá pariwo, yóò fò; bó bá fò, orí ọká náà ni yóò balẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé, èmi baba rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ó wo ibi tí mò ń wò, ó sì rí i. Mo rọra ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ sọ́dọ̀ mi, kó fa ti òsì yọ jẹ́jẹ́, kó fi bàtà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ń fà á yọ lọ́wọ́ nígbà tí ajá rọ́ wọ àárín. N kò rí orí ejò náà nígbà tó jáde. Ajá ké lẹ́ẹ̀kan.

A sá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí sá, apẹ̀rẹ̀ já bọ́ lórí mi. Ajá tẹ̀lé wa dé ẹ̀bá títì, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́.

Táìlì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nílé ọmọ mi ní Inísà, igun kọjú sí igun. Bí mo bá lọ kí i, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí òun yóò fi kọ́kọ́ rìn kọjá. Kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí a pàdánù: ajá kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan, apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó kan.