Báàgì Kílò Méje

Ẹ̀gbọ́n mi Táyé lè di ẹrù ọ̀sẹ̀ kan kí omi tó hó. Mi ò bù mọ́ ọn. Mo ti gbé omi kaná níṣojú rẹ̀ rí, kí ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ti fa síìpù báàgì rẹ̀ pa, ó ń wá bàtà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá fẹ́ lọ sun ọjọ́ kan péré ní Ẹrúwà, àpótí ni mò ń gbé. Ìdòwú ni mí, èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé àwọn ìbejì, ẹ sì mọ bí àwa Ìdòwú ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá ní ká má gbé gan-an la máa ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹ má baà pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí n máa pe ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n", ṣùgbọ́n tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun nìkan ni mò ń wí tàbí òun àti Kẹ́hìndé. Nítorí náà, "ó" ni màá lò níbí. Tí mo bá fojú kàn án, màá kúnlẹ̀ dáadáa.

Wúràọlá lorúkọ tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ gbogbo Ìgbó-Ọrà, Táyé ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìdèrè àti Lanlate. Orí ọ̀kadà ló ti kọ́ bí a ṣe ń di ẹrù. Kúlà tí oògùn àti yìnyín wà nínú rẹ̀ ló máa ń jókòó sáàárín òun àti ọlọ́kadà, báàgì kékeré kan á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni ohun gbogbo tó ní wà. Òjò lè ká a mọ́ abà fún ọjọ́ mẹ́ta, ọyẹ́ lè fẹ́, oòrùn lè ta, Táyé ò ní wá aṣọ tì. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹrù rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sá fún onílé. Kì í bá mi jà. Á kàn wo àpótí mi, á sì béèrè bóyá mo ti gbé ilẹ̀kùn sí i.

Ọdún tó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ Ṣàkírát, tó ń ṣe tíṣà ní Jọ́ọ̀sì, ní kó wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn nínú oṣù kìn-ín-ní. Táyé ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní dá wá. Òun àti Kẹ́hìndé ni, kí wọ́n sì mú Ìdòwú dání kó má baà bínú kú sílé.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló le níbẹ̀. Ikọ́ fée ń ṣe é. Tí ọyẹ́ bá ti mú, tí eruku bá ti gbòde, àyà rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń fun fèrè. Gààrí ló ń tà, kò sì kọjá Abẹ́òkúta rí láyé rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, kò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì wù ú dọ́kàn. Àkọ́bí rẹ̀, Àbdùlàhí, kò fẹ́. Ó wá sílé Táyé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì sọ tẹnu rẹ̀.

"Màmá Táyé, òtútù ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Tí màmá mi bá lọ, ọwọ́ yín ni wọ́n wà o. Ọwọ́ yín ni mo ti máa gbà wọ́n padà."

"Ọwọ́ mi ló ti wà kí wọ́n tó bí ẹ," ni Táyé fi dá a lóhùn. "Máa lọ sílé rẹ."

Àbdùlàhí lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ Táyé lára. Tí nǹkan kan bá ṣe Kẹ́hìndé lọ́nà, kò sẹ́ni tí yóò dárí jì í, òun gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ kọ̀ láti dárí ji ara rẹ̀.

Ṣàkírát pè lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, ọ̀sán níbí, ooru ni. Ìdájí, òtútù á wọ eegun. Nígbà míì, ọ̀sán gan-an á dédé yí padà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí agbára wa ká, báàgì ọwọ́ kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kílò méje. Ẹ sọ fún Ìyá Ìdòwú dáadáa." Mo gbọ́ ohun tó sọ kẹ́yìn yẹn dáadáa.

Báyìí ni Táyé ra báàgì aláwọ̀ ewé méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé, ó sì di méjèèjì. Nílùú tiwa, ohun tí ẹ bá rà fún Táyé, ẹ gbọ́dọ̀ rà á fún Kẹ́hìndé. Ìyá ìbejì tó bá ra bàtà fún ọ̀kan láìra fún èkejì, ará àdúgbò á bá a sọ ọ́ kó tó gbé bàtà náà délé. Ìyá wa fi àṣà náà tọ́ wọn, wọ́n sì dàgbà tán, wọn ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta nínú báàgì yìí, mẹ́ta nínú tọ̀hún. Ìró méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀, ìborùn ńlá, òrí nínú ìgò kékeré nítorí ètè tó ń là.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù tó nípọn dà?"

"Ara la máa wọ̀ ọ́ sí. Ohun tó bá wúwo, ara ni kó wà, kó má jókòó sínú báàgì. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lo máa kó dání. Ooru bá mú, wàá bọ́ ọ̀kan. Òtútù bá dé, wàá dá a padà. Ìborùn yìí, màá fi kírun, màá fi bora, màá fi ṣe ìrọ̀rí nínú ọkọ̀. Ìwọ wo ẹrù tìẹ, ohun mẹ́rin lo gbé fún iṣẹ́ kan."

A fi síkéèlì tí Kẹ́hìndé fi ń wọn gààrí gbé àwọn báàgì náà kọ́. Ti Táyé, kílò méje géérégé. Ti Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀. Tèmi, mọ́kànlá. Táyé jókòó tì mí, ó ń yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìyẹ. Ó yọ gèlè mẹ́rin. Ó yọ bàtà gíga. Ó ní ta ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún lórí àpáta. Nígbà tó kan ike ata gígún tí mo fi ọwọ́ ara mi gún fún Ṣàkírát, inú bí mi gidi. Ó yọ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì dìde lọ kí ìrun Alásàrì.

Mo ní kò burú. Mo ṣí báàgì tirẹ̀ pé màá wá àyè síbẹ̀. Nínú àpò ẹ̀gbẹ́ ni mo ti rí ìnhélà, agolo kékeré tí Kẹ́hìndé fi ń fa oògùn sí àyà. Mo ṣí báàgì Kẹ́hìndé, mo rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Táyé tí kò wúkọ́ rí ní oògùn ikọ́ fée. Mo ní àṣejù ìbejì nìyí, ẹni tó ń já ata gbà lọ́wọ́ mi ń gbé àìsàn ẹlòmíràn káàkiri nítorí kó lè dọ́gba. Mo yọ tirẹ̀, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, mo fi ike ata sí àyè rẹ̀, mo fa síìpù pa. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

A wọkọ̀ láti Èkó. Kẹ́hìndé di ọwọ́ Táyé mú títí ọkọ̀ fi gbéra, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkùukùu, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní Jọ́ọ̀sì, gbogbo ohun tí Táyé wí ló rí bẹ́ẹ̀. Ìdájí, wọ́n wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sán, wọ́n bọ́ méjì. Èmi ni mo ń yá ìborùn. Mo tiẹ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ ata, mo rò pé Táyé ti fún Ṣàkírát, kò kàn fẹ́ kí n yọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, Ṣàkírát àti ọkọ rẹ̀ Tàófíìk gbé wa lọ wo ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Àárọ̀ yẹn tutù, Kẹ́hìndé wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi ìnhélà sí àpò rẹ̀. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá, oòrùn ń ta yàà, ooru mú, Kẹ́hìndé bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ nínú mọ́tò. Gbogbo wa la bọ́ tiwa. Tàófíìk ní kí á máa gùn lọ, òun fẹ́ sáré lọ ra epo sí mọ́tò. Táyé nìkan ló gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ó fẹ́ lọ gún omi ní abẹ́rẹ́.

A jókòó sórí àpáta, à ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ àti ẹ̀pà. Kò pé wákàtí kan tí afẹ́fẹ́ yí padà. Ó gba ẹ̀yìn òkè wá lójijì pẹ̀lú eruku, ojú ọ̀run ṣú, òtútù sì dé bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Kẹ́hìndé wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ fèrè nínú àyà rẹ̀. Ó fọwọ́ wá àpò rẹ̀, kò sí àpò lára rẹ̀. Ẹ̀wù wà nínú mọ́tò, mọ́tò sì ti lọ. Ṣàkírát ń pe ọkọ rẹ̀, fóònù ò wọlé láàárín àpáta yẹn. Ètè Kẹ́hìndé ń dú, ó tẹ̀ síwájú, ó di orúnkún mú, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Táyé mú un jókòó, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó fi ìborùn bo imú àti èjìká rẹ̀. Ó wá ki ọwọ́ sí àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀. N kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá a mọ́," mo ní. "Mo ti yọ ọ́. Ilé ló wà. Ata ni mo fi síbẹ̀."

Táyé ò wojú mi. "Mo mọ̀," ló wí.

Ọwọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìnhélà. Ó mì í, ó fi sí ẹnu Kẹ́hìndé, ó tẹ̀ ẹ́. "Fà á. Dì í mú. Tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, mi ò mọ̀, àmọ́ fèrè náà ń rọlẹ̀, ètè Kẹ́hìndé sì padà sí bó ṣe wà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Àbdùlàhí. Táyé rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn àpáta kan. Mo tẹ̀lé e láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ń fi ìgbátí ìró nu ojú.

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ó ní kí n dìde, pé òkúta náà tutù.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde nílé, mo máa ń fọwọ́ kan ohun gbogbo inú báàgì lẹ́sẹẹsẹ," ó ní. "Àpò ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń parí rẹ̀. Mo kan ike, mo yọ ọ́, mo wá a títí mo fi rí ìnhélà nínú dúrọ́ọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"O ò mọ̀ ni. N kò sọ fún ẹnì kankan rí." Ó jókòó tì mí. "O rántí ọdún tí Kẹ́hìndé dákú ní ọjà Lanlate, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀? Abà tó wà nítòsí ibẹ̀ gan-an ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá pè mí, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kúlà mi kún fún oògùn ọmọ ọlọ́mọ, Ìdòwú. Fún tèmi, n kò ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, ó di ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí báàgì tí mo gbé tí ìnhélà kò sí nínú rẹ̀. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, màá ra òmíràn."

Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ń bú ẹrù rẹ̀ pé ó kéré ni mo ń rò bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tàófíìk ti dé, ẹ̀wù ti dé, oòrùn náà sì tún yọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. A lo ọjọ́ mẹ́rin tó kù, a jẹun, a ya fọ́tò, Kẹ́hìndé sì padà sọ́wọ́ Àbdùlàhí ní pípé. Àbdùlàhí ní lásán ni àyà òun ń já.

Nígbà tí a dé ilé Táyé, ike ata mi wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ti fi bébà kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ kí a tó lọ: "Ìdòwú, èyí ò sí nínú kílò méje."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn mi ní Ẹrúwà. Kẹ́hìndé wá bá mi níbi tí mo ti ń di àpótí, ó jókòó lórí àga, ó ń wo àwọn gèlè mi, ó ń mi orí. Ó wá rí agolo kékeré tuntun tí mo tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé e, ó yí i wò, ó sì bi mí pé láti ìgbà wo ni ikọ́ fée ti ń ṣe èmi náà.

Mo ní kò ṣe mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yọ gèlè méjì, mo sì dá a padà sí àyè rẹ̀.